Ọjọ́ Tí Mo Sọ Ọ̀gá Mi Di Ìyá Àgbà

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibi iṣẹ́ Ọ̀gá Ṣímè, ajá ni mo kọ́kọ́ bá pàdé, kì í ṣe ọ̀gá. Ajá náà dúdú, ó ga tó ọmọ màlúù. Wọ́n so ó mọ́ ẹnu géètì ọgbà tí wọ́n ń kó yanrìn àti òkúta sí ní Camp Springs ní Amẹ́ríkà, níbi tí bàálù àwọn ológun máa ń fò kọjá lórí wa bí ẹni pé ó fẹ́ ká fìlà lórí èèyàn. Mo dúró sí òdì kejì títì, mo ń ṣe bí ẹni tó ń ka àkọlé ara géètì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkẹfà gan-an kò sì dá mi lójú, ṣùgbọ́n mo ka àkọlé yẹn lọ́jọ́ náà títí ọ̀dà ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí.

Ọkùnrin kan yọ lẹ́yìn òkìtì yanrìn. Ó kúrú, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, símẹ́ńtì sì ti gbẹ mọ́ irun apá rẹ̀.

"Ìwọ lo wá wáṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí lo wá ń ṣe lọ́hùn-ún?"

"Mò ń wo ojú ọjọ́ ni, sà."

"Ajá yẹn ò léyín mọ́," ló wí. "Wọlé."

Bí mo ṣe wọlé sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ó bi mí ní orúkọ, mo ní Bùráímọ̀. Ó gbé e sẹ́nu, ó gbé e síhìn-ín, ó gbé e sọ́hùn-ún, "Bura" nìkan ló dúró. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ní Kroéṣíà, ìlú òun tó wà létí òkun, Bura lorúkọ ìjì kan tó máa ń já wálẹ̀ láti orí òkè nígbà òtútù, tó ń ṣí òrùlé, tó sì ń dojú tírọ́ọ̀kì dé lójú títì. Ó ní orúkọ akọni ni. Bí èmi tí mo sá fún ajá tí kò léyín ṣe di ìjì nìyẹn o.

Kọnkéré ni iṣẹ́ wa. Nígbà yẹn, ní àwọn ọdún náíńtíìsì, ilé ńláńlá ló ń hù ní Mitchellville bí olú. Àwọn dúdú bíi tiwa ló ń kọ́ ọ, dókítà, lóyà, àwọn ọ̀gá ní iléeṣẹ́ ìjọba. Kò sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra iyọ̀ á gun mọ́tò. Ilé kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ ní dráífúwéè, ìyẹn ojú ọ̀nà oníkọnkéré tí mọ́tò ń gbà láti títì wọ ilé. Àwa là ń dà á.

Bíríkìlà ni mí n'Íbàdàn kí n tó rìnrìn àjò, mo sì rò pé mo mọ kọnkéré. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo rí i pé èyí tí tírọ́ọ̀kì gbé wá le jù, mo bá fa rọ́bà omi, mo bomi lù ú kó lè rọrùn láti tẹ́. Ọ̀gá Ṣímè sáré dé.

"Bura! Ọbẹ̀ lò ń sè ni?"

"Ó le jù ni, sà."

"Apá ẹ ni kò le tó. Omi tó ò ń bù sí i yẹn, òun ló máa là á bí òtútù bá dé. Nígbà yẹn, ta ni oníilé máa pè? Ṣé Bura ni, àbí èmi?"

Ó kọ́ mi ní iṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀. Tí kọnkéré bá ti kúrò nínú tírọ́ọ̀kì, kò mọ ọba, kò mọ ìjòyè, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni méjì á di pákó gígùn kan mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á máa fà á bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí rẹ̀ kó lè tẹ́jú. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́jú, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀nà títì, kí omi òjò lè rí ibi gbà lọ. Lẹ́yìn náà ni wàá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bí ìka bá rì, kò tíì yá. Bí ìka kò bá wọlé rárá, o ti pẹ́ jù, máa palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́. Àárín méjèèjì ni ìgbà dídán rẹ̀ wà, ìgbà náà kò sì gùn.

Àwọn oníbàárà náà ní wàhálà tiwọn. Lóyà kan jáde lówùúrọ̀ nínú aṣọ ìwẹ̀ àti sílípáàsì, ó fẹ́ mú ìwé ìròyìn rẹ̀, ó sì gba orí dráífúwéè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tán. Ó rì dé kókósẹ̀. Gbogbo wa kígbe. Ọ̀gá Ṣímè nìkan ni kò kígbe. Ó ní, "Ẹ má yọ ẹsẹ̀ yín o, sà. A ò tíì bá yín sọ iye tí à ń gbà fún àwòrán ẹsẹ̀." Lóyà náà rẹ́rìn-ín títí sílípáàsì kan fi sọnù sínú kọnkéré. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ibo ni irú ọkùnrin yìí ti wá? Atukọ̀ ojú omi ni tẹ́lẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Baltimore lọ́jọ́ kan láti lọ ra sìgá, kò sì padà sínú ọkọ̀ mọ́. Ó ru òkúta fún ẹlòmíì, ó po símẹ́ńtì fún ẹlòmíì, ó ra tírọ́ọ̀kì kan tó máa ń wúkọ́ bí àgbàlagbà, ó sì ti ibẹ̀ di oníṣòwò ńlá. Kò kàwé jù mí lọ. Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni òṣèlú wọ̀ ọ́ lára. Orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ogun jà níbẹ̀, àárò ilé sì ń sọ ọ́. Ìjọba wọn wá fọwọ́ sí i pé àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi náà lè dìbò, kí wọ́n sì yan aṣojú láàárín ara wọn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù bẹ̀rẹ̀ sí wá sí ọgbà wa. Ọ̀gá Ṣímè ra táì. Nígbà tí mo rí táì yẹn lọ́rùn rẹ̀ lórí ẹ̀wù símẹ́ńtì, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, bí a ti ń jẹun, ó sọ fún wa. Ó ní òun ń du ipò aṣojú náà, tí òun bá sì wọlé, òun ń padà sílé nìyẹn, òun á ta ọgbà, òun á ta àwọn tírọ́ọ̀kì. Ẹnì kan láti Virginia ti múra tán láti rà á.

"Àwa ńkọ́, sà?" ni mo bi í.

"Ọkùnrin náà ní àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n màá bá a sọ̀rọ̀."

Éfè, ọmọ Warri tí a jọ máa ń fa pákó, rọra gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Bura," ló sọ sí mi létí, "that one na bye-bye."

Ẹ̀rù bà mí dé egungun. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé ni, ilé náà ò sì tíì mọ̀ wá dáadáa. Níbo ni mo fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé mẹ́fà àti ọrùn ọwọ́ tó ń dùn mí? Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo pẹ́ ní mọ́ṣáláṣí ju bí mo ti máa ń pẹ́ lọ. Sìkírátù ìyàwó mi kíyè sí i.

"Bàbá Sùlíà, kí lẹ̀ ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run gan-an?"

"Pé kí ọ̀gá wọlé. Ó ti ṣe dáadáa fún wa."

"Kí ló tún kù?"

"Pé kó má wọlé."

Ó wò mí. "Àdúrà méjì yẹn á pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n á sì na ara wọn."

Ẹni tó ń bá Ọ̀gá Ṣímè du ipò náà jẹ́ dókítà eyín kan láti Pennsylvania. Mo kọ́kọ́ rò pé bóyá ó lè bá wa wo ajá. Àmọ́ dókítà yìí ń tàn án kálẹ̀ pé òógùn àwọn òṣìṣẹ́ ni Ṣímè fi sanra. Nígbà tí àwọn ọmọ Kroéṣíà wá fẹ́ péjọ ní páàkì kan nítòsí Bowie láti gbọ́rọ̀ lẹ́nu àwọn méjèèjì, ọ̀gá pè mí.

"Bura, ìwọ lo máa sọ̀rọ̀ fún mi. Sọ ohun tí o mọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo fẹ́ sọ pé ohun tí mo mọ̀ ni pé n kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Ẹnu mi ti ní "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" kí n tó dá a dúró.

Mo fi iwájú dígí ilé ìwẹ̀ ṣe pápá ìdánrawò. Mò ń wí pé "Ọ̀gbẹ́ni Ṣímè jẹ́ èèyàn rere," Sìkírátù sì na ọrùn wọlé.

"Ẹ wo bí ẹ ṣe ń là á mọ́lẹ̀ lórúkọ! Níwájú àwọn èèyàn rẹ̀! Ṣé ẹgbẹ́ yín ni?"

"Kí ni kí n wá pè é?"

"Ẹ pè é ní Baba. Ta ni kò ní mọ̀ pé ẹ bọ̀wọ̀ fún un?"

Ìmọ̀ràn ìyàwó mi kì í ṣẹ̀. Mo gbà á.

Ọjọ́ pé. Èèyàn kún páàkì. Wọ́n ń yí odidi ọ̀dọ́ àgùntàn lórí iná, inú mi sì dùn pé kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Wáìnì pupa wà lórí tábìlì bí omi. Dókítà eyín sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ débi pé àwọn ọmọdé sùn lọ. Ó kan Ọ̀gá Ṣímè, òun sì nawọ́ sí mi. Orúnkún mi ọ̀tún ní ká máa lọ, ti òsì ní ká padà sílé. Mo fagbára mú àwọn méjèèjì dé ibi ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òyìnbó tí mo ní, "ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀gá mi. Baba ni! Baba mi ni, baba gbogbo àwa òṣìṣẹ́ ni. Nínú ilé mi, ìyàwó mi mọ̀ ọ́n sí Baba. Tí mo bá rí i láàárọ̀, ara mi máa ń sọ fún mi pé Baba ti dé. Ẹ dìbò fún Baba!"

Gbogbo páàkì ń wojú ara wọn. Ọ̀rá àgùntàn ń kán sínú iná, ó ń dún ṣáà. Lẹ́yìn náà, níbi tábìlì àwọn èèyàn dókítà eyín, ẹnì kan kígbe pé "Baba!" ó sì gbá tábìlì. Èkejì gbá tábìlì. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún ń pariwo pé "Baba! Baba!"

Orí mi wú. Mo ní ṣé bí ọ̀rọ̀ sísọ ṣe rọrùn tó nìyí? Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo sì ń lé orin náà fún wọn. "Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ!" Wọ́n ní "Baba!" "Mi ò gbọ́ o!" Wọ́n ní "Baba!" Àwọn kan ti ń nu omijé ẹ̀rín.

Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn ni mo rí Ọ̀gá Ṣímè. Ojú rẹ̀ pọ́n ju wáìnì lọ. Ó fà mí lápá sẹ́yìn igi kan.

"Ta ló rán ẹ?"

"Kí ni mo ṣe, sà?"

"Ní èdè wa, baba ni ìyá àgbà! Tí wọ́n bá pe ọkùnrin bẹ́ẹ̀, ojo ni, ẹni tó ń sá pamọ́ sábẹ́ yẹ̀rì!" Ó sún mọ́ mi. "O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. O ò fẹ́ kí n ta ọgbà. O fẹ́ kí n fìdí rẹmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi, nítorí pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Mo ti bá Ọlọ́run sọ nǹkan kan tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n Baba tí mo pè é, láti inú ọkàn mi ló ti wá, báwo ni mo sì ṣe fẹ́ fi hàn án? Òyìnbó mi ti tán. Mo bá ṣe ohun tí ọmọ tí wọ́n bí ire máa ń ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú koríko pẹ̀lú ẹ̀wù funfun mi.

"Baba, ẹ má bínú!"

Ẹ gbà mí o, mo tún pè é!

Obìnrin kan figbe ta pé, "Ó ti ṣubú! Ọkùnrin ti kú!" Wọ́n sáré bò mí. Ẹnì kan ń tú bọ́tìnnì ọrùn mi, ẹnì kan ń gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹnì kan ń béèrè ibi tí fóònù wà kí wọ́n pe áńbúláǹsì. Nǹkan tútù dà sí mi lójú. Wáìnì ni. Èmi ọmọ mùsùlùmí, mo pa ètè mi dé bí ìgbà tí wọ́n bá fi símẹ́ńtì dí i.

Ẹ lè ní kí ló dé tí n kò kàn dìde. Báwo ni màá ṣe dìde? Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì kì í dìde títí wọn ó fi ní kó dìde, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo wọn. Bí mo ṣe wà nílẹ̀ nìyẹn.

Ìyá arúgbó kan tó wọṣọ dúdú látòkè délẹ̀, Mánda lorúkọ rẹ̀, òun ló da wáìnì náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi, ó sọ sí mi létí.

"Ṣé o wà láàyè?"

"Mo wà láàyè, mà."

"Kí lo wá ń ṣe nílẹ̀?"

"Ọ̀gá ò tíì ní kí n dìde, mà. Mo ń bẹ̀ ẹ́ ni."

"Kí ni baba lédè tiyín?"

Mo sọ fún un látinú koríko. Mo ní baba ni ẹni tó bí ni. Baba ni àgbà tó ń ṣàkóso ilé, tó sì ń dáàbò boni. Mo ní bí a bá fẹ́ pe Ọlọ́run fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Baba la máa ń wí.

Mánda nàró. Ó kọjú sí tábìlì àwọn tó ń gbá tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ lédè wọn. Ọ̀gá Ṣímè ló padà túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mánda ní, "Ní ilẹ̀ ọkùnrin yìí, Ọlọ́run ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiyín, èébú ni! Baba lèmi. Nígbà tí àwọn bàbá yín wà lójú òkun, ta ló gbin ọ̀dùnkún? Ta ló gbé yín sá fún ogun? Ṣé dókítà eyín ni?" Ó sì fi báàgì ọwọ́ rẹ̀ gbá ẹni tó sún mọ́ ọn jù lórí. Àwọn arúgbó aláṣọ dúdú yòókù dìde tẹ̀ lé e. Ariwo "Baba" tán lójú ẹsẹ̀.

"Ṣímè," ni Mánda wí, "ní kí ọkùnrin yìí dìde, kí òtútù má pa á."

Ọ̀gá Ṣímè wò mí. Wáìnì ti sọ ẹ̀wù mi di aṣọ alápatà. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, n kò mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí ẹ̀rín.

"Dìde, Bura," ló wí. "O ò lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe eléyìí. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe eléyìí."

Nígbà tí ọjọ́ ìbò dé, àwọn ìyá àgbà tí kì í dìbò rárá ní kí àwọn ọmọ wọn gbé wọn lọ. Ọ̀gá Ṣímè wọlé. Ẹnu mi ni mo fi lé ara mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tó ti Virginia wá ra ọgbà náà níwà pẹ̀lẹ́. Ó bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó ní ká máa lọ sílé. Ajá nìkan ló gbà dúró.

Mo jókòó sílé, mo ń wo ògiri. Sìkírátù fún mi láàyè díẹ̀, kò fún mi púpọ̀. "Bàbá Sùlíà, ṣé ọgbà ni wọ́n tà ni, àbí ọwọ́ yín?" Èmi àti Éfè bá ra píkọ́ọ̀pù àlòkù kan. Lóyà onísílípáàsì ló kọ́kọ́ pè wá. Àbúrò rẹ̀ ń kọ́lé. Nígbà tí tírọ́ọ̀kì kọnkéré dé iwájú ilé náà, dírẹ́bà yọ orí, ó ní, "Ta ni ọ̀gá níbí?" Mo wẹ̀yìn wò láti rí ẹni tó ń bá wí. Éfè fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Mo ní, "Èmi ni. Máa dà á." Ohùn mi fọ́ bí ti ọmọkùnrin tó ń bàlágà, ṣùgbọ́n kọnkéré kò mọ ìyàtọ̀, ó jáde.

Iṣẹ́ ń bí iṣẹ́. Ó ti ń sún mọ́ òpin àwọn náíńtíìsì nígbà tí mo rí ọkùnrin kan tó dúró ní òdì kejì títì, tó ń wò wá níbi iṣẹ́ kan ní Mitchellville. Ó wọ kóòtù, bàtà rẹ̀ ń dán. Mo ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ti rán ẹni wá yẹ̀ wá wò. Ó sọdá. Ọ̀gá Ṣímè ni, ó ti rù.

Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó sáré ní kí n dìde.

"Òṣèlú ńkọ́, sà?"

Ó gbọn orí. "Wọ́n máa ń dà á láàárọ̀ bí kọnkéré, Bura, wọ́n á jókòó máa jiyàn lórí rẹ̀ títí dalẹ́. Tí wọ́n bá máa fi parí, ó ti gan, kò sì sí ẹni tó dán an. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn nínú ilé ìgbìmọ̀. Wọ́n yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó máa díje nígbà ìbò tó ń bọ̀." Ó wo tírọ́ọ̀kì tó ń yí ikùn rẹ̀ létí títì. "Ṣé iṣẹ́ wà?"

Mo rò pé ó ń ṣeré. Ó ti ń bọ́ kóòtù. Éfè fún un ní ẹ̀gbẹ́ pákó tirẹ̀, èmi àti ọ̀gá mi sì jọ fà á láti ẹnu ilé bọ̀ wá sí títì. Ó ń mí bí àgbò. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti rọ̀.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, mo rí i. Ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lọ́ wọlé, ó ṣe kòtò kékeré kan tí ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ kò ní rí. Éfè rí i. Ó wò mí, mo wojú ọ̀run. Ta ni mí tí màá fi sọ ọ́? Ọkùnrin yìí ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di pákó mú. Ó jókòó pẹ̀lú àwọn mínísítà. Ṣùgbọ́n omi á dúró síbẹ̀, á di yìnyín nígbà òtútù, ìyá oníilé á sì fi ìdí gbálẹ̀. Kọnkéré náà sì ti ń le.

Mo fi pákó sílẹ̀.

"Ọ̀gá," ni mo wí, "ẹ̀gbẹ́ tiyín lọ́. Ẹ jẹ́ ká tún un fà."

Ó wo ilẹ̀. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò kóòtù rẹ̀, ó fọwọ́ bu kọnkéré tútù sínú kòtò náà, ó dìde, ó sì di pákó mú. A tún un fà.

Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo ní mo fẹ́ lọ ra nǹkan, mo wakọ̀ gba àdúgbò náà kọjá, mo dúró níwájú ilé yẹn nínú òjò, mo sì ń wo omi bó ṣe ń ṣàn gẹ̀rẹ̀ lọ sí títì.